Ọwọ́ Tí Dòkun Fi Jù Ú

Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ̀yin àlejò wa láti Ìsàlẹ̀-Àró. Rẹfirí kò tíì dé, mi ò sì gbọdọ̀ ṣí họ́ọ̀lù kí rẹfirí tó dé. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, ẹ má ṣèyọnu. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni àlá tí mo lá lóru àná. Ó ṣì ń rìn lójú mi báyìí, bí ẹni pé mi ò tíì jí tán. Ǹ bá dákẹ́, àmọ́ ó kàn yín. Bàbá Mọ́pé, ẹ̀yin gan-an ló kàn jù. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá sọ ọ́ tí kò bá dùn létí yín, ẹ fojú àna wò mí.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Dèjọ tí ń ṣọ́ họ́ọ̀lù Ìdí-Àgbọn yìí. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ẹ̀, èmi náà ni mò ń kan pákó tí wọ́n bá fara gbá já. Eré lákírọ́ọ̀sì yìí, tí àwọn ìyá wa ń pè ní eré ọ̀pá aláwọ̀n, mi ò bá wọn ṣe é rí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wò ó. Pákó á yí gbogbo wọn ká bí ẹni wà nínú àpótí, kálukú á di ọ̀pá mú, wọ́n á máa fi àwọ̀n orí ọ̀pá ju bọ́ọ̀lù rọ́bà síra wọn, títí ẹnì kan á fi jù ú wọlé. Bọ́ọ̀lù yẹn le. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Dòkun, àbúrò mi, ló ń jù ú wọlé fún wa jù. Ẹ sì mọ ọwọ́ tó fi ń jù ú. Ọwọ́ òsì ni. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bá a jà lórí ẹ̀ títí dìgbà tó fẹ́ Mọ́pé, tó wá di pé bàbá ìyàwó rẹ̀ ni gólíkípà Ìsàlẹ̀-Àró. Látìgbà ìgbéyàwó, òní yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ kojú ara wọn.

Ilé mi ló sùn lánàá, nítorí ó sún mọ́ họ́ọ̀lù. Orí ẹní ló wà tó fi pè mí.

"Bùọ̀dá, lọ́la, ọwọ́ wo ni kí n fi jù ú sí bàbá ìyàwó mi?"

Mo ní, "Sùn."

"Ọwọ́ òsì sí àna ẹni, Bùọ̀dá! Wọ́n á ní ilé wa ò kọ́ mi. Tí mo bá sì fi ọ̀tún jù ú, òrùlé ló máa bà."

"Mo ní kó o sùn, Dòkun."

Mo yíjú sí ògiri. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi.

Ibi tí mo bá ara mi ni iwájú họ́ọ̀lù yìí, lọ́sàn-án gangan. Àmọ́ họ́ọ̀lù ò sí nílẹ̀. Ó wà lókè níbẹ̀ yẹn, ó ga tó orí igi àgbọn, ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ ìdí igi. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Ohun tó kàn dùn mí ni pé wọn ò sọ fún mi kí wọ́n tó gbé e, èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Fèrèsé kan ṣí. Obìnrin kan tó wọ jígí yọ orí.

"Ìwọ ni onítàn?"

"Rárá, mà. Èmi ni oníkọ́kọ́rọ́."

"Ọ̀kan náà ni. Èmi ni akọ̀wé líìgì. Gòkè wá kíá, ìgbìmọ̀ ti ń retí ẹ. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ìtàn líìgì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Òní ni wọ́n máa pinnu ẹni tó wà nínú ẹ̀, àti ẹni tí kò sí nínú ẹ̀ rí."

"Mà, àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"A ti jẹ ẹ́."

Mi ò bi í pé báwo. Mo fa okùn, mò ń fà á bí ẹni ń fa omi kànga, họ́ọ̀lù náà sì ń bọ̀ wálẹ̀ títí ó fi dé orúnkún mi. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀, mo wọlé. Bí mo ṣe wọlé tán, ó tún gbéra. Bàtà mi ló ṣẹ́ kù nílẹ̀, mo ń wò ó láti òkè. Ó kéré gan-an.

Alága jókòó sí àárín. Ó wọ agbádá lórí tìmùtìmù tí gólíkípà máa ń dì mọ́ra, tó fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjókòó kò fi hàn lábẹ́ ẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní igun, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa mi orí. Lórí tábìlì ni kọ́ọ̀bù líìgì, ife ẹ̀yẹ wa, wà, tó ń dán. Mo fẹ́ kí i, òun ló kọ́kọ́ kí mi.

Kọ́ọ̀bù ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn mí o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni."

Mo ní, "Ẹ kú ìwẹ̀, sà."

Alága ní, "Oníkọ́kọ́rọ́, ta ló dá líìgì yìí sílẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, wọn ò sì kọ́ wa ní líìgì níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀, àmọ́ ẹnu mi ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìlú méjì ló dá a sílẹ̀ sà, Ìdí-Àgbọn àti Ìsàlẹ̀-Àró. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ kí wọ́n tó rí bọ́ọ̀lù. Ọsàn ni wọ́n ń jù nígbà yẹn. Kò sì sí ìlú tó borí, torí ebi ń pa àwọn gólíkípà. Èyíkéyìí tọ́wọ́ wọn bá bà, wọ́n á mu ún."

Kọ́ọ̀bù ní, "Òótọ́ ló sọ. Inú mi ni wọ́n ń tu kóró sí."

Orí ọkùnrin inú igun ń mì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ wa ti di oko ọsàn. Ẹ̀yin ni mo rí, Bàbá Mọ́pé, irùngbọ̀n yín dúdú kirikiri, omi ọsàn ń kán níbẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́nu ilé góòlù, ẹ̀ ń bó òmíràn. Ẹ ní, "Dèjọ, ṣé wàá mu?" Mo ní mo dúpẹ́, sà.

*Bàbá Mọ́pé tó ń so okùn tìmùtìmù rẹ̀ mọ́ itan dá mi dúró níbẹ̀. Ó ní, "Ọsàn tó dùn ni àbí èyí tó kan?"*

*Mo ní, "Mi ò mu ún, Bàbá."*

*"O ò bá ti mu ún. Máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ."*

Alága ní, "Kí ló tẹ̀lé e?" Ẹnu mi tún gbéra. Mo ní ìlú kan tí ń jẹ́ Òkè-Pákó fẹ́ wọ líìgì, wọn ò sì ní họ́ọ̀lù. Ni wọ́n bá wá tọrọ tiwa bí ẹni ń tọrọ ìyàwó. Ẹnu mi ò tíì padé tí àwọn ará Òkè-Pákó fi wọlé pẹ̀lú iṣu àti iyọ̀ àti oyin. Wọ́n fi ìborí bo òrùlé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, torí èmi ni ẹbí ìyàwó. Olórí wọn béèrè pé, "Ṣé ọmọ yín ò ní gbéraga?" Mo ní ó máa ń ga díẹ̀, àmọ́ okùn wà. Wọ́n gbé họ́ọ̀lù lọ, páànù rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sunkún. Èmi náà sunkún. Kí n tó nu ojú tán, wọ́n ti gbé e padà.

Olórí wọn ní, "Ẹ gba ọmọ yín. Ẹ ò sọ fún wa pé ó ń jò."

"Ẹ ò béèrè," ni mo wí.

Bí Òkè-Pákó ṣe jáde nínú líìgì nìyẹn, tí kò sì sẹ́ni tó gbúròó wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ni sáà kan sọnù. Odidi sáà eré! A wá a lábẹ́ tábìlì, a wá a lẹ́yìn pákó. Akọ̀wé ní òun ti rí i, àpò ṣòkòtò ọkọ òun ló wà, òun ti fọ̀ ọ́ mọ́ ọn, ó ti já wẹ́wẹ́. Alága ní kò burú, kí wọ́n sá a sóòrùn.

Mo rò pé ó ti tán. Mo ti ń wo ibi tí okùn wà. Ni Alága bá tẹ̀ síwájú, tìmùtìmù ara rẹ̀ sì mí kanlẹ̀.

"Ó wá ku góòlù yẹn. Góòlù Dòkun, tí Ìdí-Àgbọn fi gba kọ́ọ̀bù láyé àtijọ́. Ọwọ́ wo ló fi jù ú?"

Mo ní, "Sà, kò tíì jù ú. Ọ̀la ni."

"Láyé àtijọ́ ni, mo ní. Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀la ni?"

"Rárá, sà."

Kọ́ọ̀bù mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó jù ú, kò sì tíì jù ú tán. Láti ìgbà yẹn ni mo ti wà lórí tábìlì yìí. Ẹ wò ó."

Mo wo ẹ̀yìn mi. Inú àpótí pákó ni a wà, èrò kún. Ẹ̀yin lẹ wà nílé góòlù, Bàbá. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n dì mọ́ yín lára, imú yín nìkan ló hàn. Dòkun gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ nínú àwọ̀n, ó ń sáré, ó ń sáré, ó dé iwájú yín. Ó rí i pé àna òun ni. Ó dọ̀bálẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní Dòkun ti di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jù. Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀. Dòkun tún gba bọ́ọ̀lù padà, ó tún sáré dé iwájú yín, ó tún dọ̀bálẹ̀. Fèrè. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn tó wá wòran ń dàgbà lórí ìjókòó. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé sẹ́yìn nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ ti hu irùngbọ̀n, ó ń gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n.

*Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àró bú sẹ́rìn-ín níbi tí mo dé yìí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Dòkun ló sì lè ṣe é! Ọjọ́ tó bá Bàbá pàdé lọ́nà odò, inú ẹrẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí." Bàbá Mọ́pé ò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ibi tí mò ń lọ.*

Nígbà tó wá yá, Dòkun dọ̀bálẹ̀, kò dìde mọ́. Láti ilẹ̀ tó wà ló ti ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù lọ sókè, ó dé abẹ́ páànù, ó dúró. Kò wọlé, kò jáde. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀ lójú kan níbẹ̀. Gbogbo èèyàn yíjú kúrò lára rẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Alága ní, "Gbọ́ dáadáa. Bó bá jẹ́ òsì, ó ti rí àna rẹ̀ fín. A máa pa góòlù rẹ́, a máa pa Ìdí-Àgbọn rẹ́ kúrò nínú líìgì, Mọ́pé á sì di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ lónìí."

"Bó bá wá jẹ́ ọ̀tún ńkọ́, sà?"

"Bó bá jẹ́ ọ̀tún, kò sí wàhálà. A ti ní i nílẹ̀."

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Dòkun kan jáde níbẹ̀. Jẹ́sì rẹ̀ ti gba áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ṣáájú. Ó tẹrí ba fún mi. Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́, sà."

Sà! Kò pè mí ní Bùọ̀dá. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Mo ní, "Dòkun, ṣé o mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ̀yin ni oníkọ́kọ́rọ́."

"Ọjọ́ tí ìjì ṣí ilé ìdáná ìyá wa, ta ló jẹ ààbọ̀ iṣu sísun mi nínú òkùnkùn, tó ní eku ni?"

Ó ronú. Ó ní, "Mi ò mọ̀, sà. Èmi kì í jẹ nǹkan oníǹkan."

Mo wo ilẹ̀. Dòkun tèmi ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ti ń parẹ́ láti ìsàlẹ̀. Kò ké. Ó kàn gbé ojú sókè wò mí bó ṣe wò mí lórí ẹní, ó ní, "Bùọ̀dá, ọwọ́ wo?"

Bí mo bá ní òsì, wọ́n á gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ní ọ̀tún, wọ́n á fi ẹni yìí rọ́pò rẹ̀, á máa kí mi ní sà títí n ó fi kú. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè. Alága ní kò sí àyè. Ó wúkọ́ láti fi hàn pé inú ń bí i. Ikọ́ náà dún, "Mẹ̀ẹ́ẹ̀."

Òbúkọ ló jókòó síbẹ̀. Agbádá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Akọ̀wé ti di ewúrẹ́, jígí rẹ̀ ti bọ́ dé imú. Ọkùnrin inú igun náà ti di ewúrẹ́, orí rẹ̀ ṣì ń mì, ìyẹn ò yí padà. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù wá dẹ̀ lára mi? Rárá o. Ewúrẹ́ ni, àmọ́ alága ṣì ni. Mi ò gbàgbé láti fi sà kún un.

Òbúkọ ní, "Mo ní, ọwọ́ wo?"

Nínú bẹ́ẹ̀dì ni ohùn yín ti jáde nígbà yẹn, Bàbá Mọ́pé. Ẹ ní, "Èmi ni wọ́n jù ú sí. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bi mí?"

Òbúkọ ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ṣẹ̀, sà. Ẹ dákẹ́, ká bá yín bínú."

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Mo rí i pé imú yín ń mì, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò jáde.

Mo wo òbúkọ náà láti òkè dé ilẹ̀. Mo rọra ní, "Alága, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin fúnra yín, ọwọ́ wo lẹ máa ń fi mú nǹkan?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ti iwájú. Ó wo ti ẹ̀yìn. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ó bi akọ̀wé, akọ̀wé náà gbé tiẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ rú wọn lójú. Ebi sì ti ń pa wọ́n, ni wọ́n bá yí sí àwọ̀n ilé góòlù, wọ́n ń jẹ ẹ́. Alága kún ẹnu, ó ṣì ń bi mí, "Ọwọ́ wo? Ọwọ́ wo?" Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálẹ̀. Dòkun ti parẹ́ dé igbáàyà.

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ohùn. Mo pariwo pé, "Ọwọ́ Dòkun ni!"

"Dòkun wo?"

"Èyí tó jẹ iṣu mi!"

Bọ́ọ̀lù já lulẹ̀, gbì! Mo jí.

Àgbọn ló já sórí páànù wa. Ilẹ̀ ti mọ́. Òógùn bò mí, ẹní ẹ̀gbẹ́ mi sì ṣófo. Ẹ̀yin èèyàn, mi ò lè sọ bí ara mi ṣe rí nígbà tí mo rí ẹní yẹn tó ṣófo. Mo pe Dòkun. Kò dáhùn. Ewúrẹ́ ló dáhùn níta.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé. "Kúrò níbẹ̀! Ewúrẹ́ Ìyá Láṣùn, olè ni ẹ́!" Ó wọlé pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀pá aláwọ̀n rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ewúrẹ́ ti jẹ létí àwọ̀n rẹ̀ díẹ̀. Ife ògì tó ti pò fún mi wà lọ́wọ́ kejì, ó nà án sí mi. Bí ojú wa ṣe pàdé, ó rí ọwọ́ tó nà. Ó yára fa ife sẹ́yìn, ògì dà sí i lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bùọ̀dá. Ẹ jẹ́ n gbé ọ̀pá sílẹ̀."

Mo ní, "Má gbé e sílẹ̀." Mo na ọwọ́ òsì tèmi, mo gbà á.

*Mo dákẹ́ níbẹ̀. Lókèèrè, mo rí rẹfirí tó ń bọ̀ lórí ọ̀kadà. Bàbá Mọ́pé so okùn tó kù mọ́ itan, ó fà á le.*

*Ó ní, "Ṣé ògì náà gbóná?"*

*Mo ní, "Ó gbóná, sà."*

*"O mu ún tán?"*

*"Mo mu ún tán, Bàbá."*

*Ó gbé akoto rẹ̀, ó fi dé orí, ohùn rẹ̀ wá ń dún láti inú lọ́hùn-ún, mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́. "Ó ti ń lọ sí ogún ọdún tí mo ti ń ṣọ́ ilé góòlù. Ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n jù ni kí Dòkun fi jù ú. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ mú. Ṣílẹ̀kùn."*